Pẹ́ńṣàn télọ̀: mo ti lò ó, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn kò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Ètò yẹn fúnra rẹ̀ dáa, ó dáa ju bí mo ṣe rò ó sí lọ. Àwọn tí wọ́n ní kó máa bá wa ṣe é ló kù díẹ̀ káàtó, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìràwọ̀ méjì tó kù há sí.

Ohun tí mò ń wí ni owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún àwa tí kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún: télọ̀, onídìrí, káfíńtà, fọkanáísà, ọlọ́kadà, ìyá alákàrà. Oṣù Kẹta ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i, Micro Pension ni wọ́n sì sọ ọ́. Ní 2025, PenCom, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà, yí orúkọ rẹ̀ sí Personal Pension Plan. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, pẹ́ńṣàn télọ̀ la ń pè é, ohun tí mo sì máa pè é níbí nìyẹn.

Aṣọ obìnrin ni mò ń rán, ní Arówómọlẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìró àti bùbá, gáùn, aṣọ ẹbí. Àwọn ọmọ LAUTECH náà máa ń wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí, àwọn yẹn sì mọ owó yọ ju àwọn ìyá ọlọ́jà lọ. Mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, máṣíìnì mẹ́ta, àti jẹnẹrétọ̀ kan tí mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ náà ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kó èrò jọ, ni mo rí i pé orí àríyá olóríire ni gbogbo oúnjẹ mi dúró lé. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsìnkú àgbà, ìkómọ wá di ti bàbá àti ìyá ọmọ nìkan. Ta ni yóò rán aṣọ ẹbí?

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù ládùúgbò nígbà yẹn ni Bàbá Tíṣà tí wọ́n ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tipẹ́. Tí oṣù bá ti ń lọ sópin, fóònù wọn á dún, a ó sì gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé pé owó ti wọlé. Mo lọ bá wọn pé kí wọ́n là mí lọ́yẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyá Télọ̀, jókòó.” Tíṣà kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, gègé àti ìwé ni wọ́n mú jáde.

Wọ́n ní lábẹ́ òfin àtijọ́ tí àwọn bá fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ pé ọdún 35, gírátúítì rẹ̀, ìyẹn owó tí wọ́n ń kó fúnni lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ owó oṣù ọdún mẹ́ta lódidi. Lẹ́yìn ìyẹn, á máa gba 80% owó oṣù tó gbà kẹ́yìn, títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Wọ́n tún ní abala 210 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa tún owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì gbé yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá fi kún owó òṣìṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn. Mi ò béèrè ìdí ẹ̀rín náà lọ́wọ́ wọn.

Òfin 2004 ló wá yí nǹkan padà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti iléeṣẹ́ aládàáni. Láti ìgbà náà, kálukú ní àpò tirẹ̀, òun àti ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń fi owó sí i. Òfin 2014 tó gba ipò rẹ̀ ní kí òṣìṣẹ́ dá 8% owó rẹ̀, kí ọ̀gá fi 10% kún un, ó kéré tán. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, dandan ni. Ọ̀gá tún gbọ́dọ̀ ra ìdójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ẹ máa dúpẹ́ o. Èmi ni ọ̀gá ara mi, èmi náà ni òṣìṣẹ́ ara mi. Mẹ́jọ yẹn, mo lè fún ara mi lọ́rùn kí n yọ ọ́. Mẹ́wàá tí ọ̀gá yóò fi kún un, inú àpò wo ni kó ti jáde? Ìdójútòfò, kò kàn mí. Àbùkù tó tóbi jù lára ètò yìí nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi PFA kankan, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá wa bójú tó àpò ìfẹ̀yìntì: ohun tí o bá fi sí i nìkan ló wà níbẹ̀, àti èrè tí wọ́n bá fi owó náà pa. Ìjọba kò fi kọ́bọ̀ kún tèmi rí.

Síbẹ̀ mo wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ nìyí.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ PFA kan. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ó dé fìlà wọn, ó gbé bánà kékeré kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga alága, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. “Ẹ̀yin màmá wa, ṣé inú máṣíìnì lẹ fẹ́ kú sí ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì forúkọ sílẹ̀. NIN ló gbà lọ́wọ́ wa, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà báńkì, fọ́tò, ìbuwọ́lùwé, àti orúkọ ẹni tí yóò gba owó bí a kò bá sí. Kò gba kọ́bọ̀ fún fọ́ọ̀mù. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà mi fi wọlé sórí fóònù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Títí dé ibẹ̀, ìràwọ̀ márùn-ún.

Àtìgbà náà ni mi ò ti fojú kan ọmọ yẹn mọ́. Fóònù rẹ̀ kì í lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé e lọ sí Ṣakí, mo tún gbọ́ pé ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá dé ìpàdé wa báyìí tó dárúkọ pẹ́ńṣàn, wọ́n á bi í léèrè ọmọ onífìlà.

Bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Kò sí iye kan pàtó tí o gbọ́dọ̀ san. O lè san lójoojúmọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí nígbà tí iṣẹ́ Iléyá tàbí ti Kérésìmesì bá kún ọwọ́. Bí owó bá ti wọlé, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí. Nínú ₦1,000, ₦400 wà ní apá tí o lè fọwọ́ kàn nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. ₦600 di ti ìfẹ̀yìntì, kò jáde títí o ó fi pé ọmọ àádọ́ta (50) ọdún, àyàfi tí àìlera bá dá iṣẹ́ dúró. Apá ₦400 yẹn, ó di ìgbà tí oṣù mẹ́ta bá kọjá lórí owó àkọ́kọ́ tí o san kí o tó lè gbà á, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sì ni. Bó o bá fi sílẹ̀, èrè á máa gun orí rẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rù ni pé ṣé wọn ò ní gbé owó lọ. Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú wa ti rí. Ta ni ò mọ ìtàn alájọ tó sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó jí sí Kòtónú? Ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni pé PFA tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ kọ́ ló ń tọ́jú owó. Ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ PFC ni owó wà lọ́wọ́ wọn, PFA kàn ń sọ ohun tí kí wọ́n fi ṣe ni, PenCom sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Owó ìfẹ̀yìntì gbogbo Nàìjíríà tó wà nínú ètò náà ti ju ogún tírílíọ̀nù náírà lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n fi yá ìjọba àpapọ̀. Ẹ lè sọ pé ìjọba yìí náà kọ́? Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè sá lọ Kòtónú.

Nǹkan kan wà tí mo tún fẹ́ràn tí ọmọ onífìlà kò sọ fún wa. Ẹnikẹ́ni kò lè fi owó yẹn dúró fún gbèsè. Bó o bá yá owó kómú-lé-lántà, tí wọ́n wá kó àga, kó tẹlifíṣọ̀n, kó máṣíìnì, wọn ò lè dé àpò yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ṣe ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni láàárọ̀ Mọ́ńdè mọ ohun tí mò ń wí.

Mo dán ọ̀rọ̀ apá ₦400 yẹn wò. Iná wọlé lọ́jọ́ kan tagbára-tagbára, ó jó mọ́tò máṣíìnì ńlá mi, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo ní aṣọ ẹbí ìyàwó Sábó lọ́wọ́. Mo ní kí ọmọ mi obìnrin bá mi kọ̀wé sí PFA lórí WhatsApp. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, a kọ ọ́, a buwọ́ lù ú, a ya fọ́tò rẹ̀, a dá a padà. Wọ́n ní ìbuwọ́lùwé kò bá èyí tó wà lọ́wọ́ wọn mu. Mo tún un buwọ́ lù, wọ́n tún ní kò bá a mu. Mo pè wọ́n, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ìbuwọ́lùwé tó wà lọ́dọ̀ yín, orí èékún ni mo ti buwọ́ lù ú, níbi ìpàdé, pẹ̀lú bírò tí kò fẹ́ yọ. Obìnrin tó gbé fóònù rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò bá wọn sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí owó fi wọ báńkì mi, ó pé pérépéré. Mo ra mọ́tò. Ìyàwó wọ aṣọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní owó yẹn kì í jáde ń purọ́. Ó ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọmọ tó mọ WhatsApp lò ńkọ́? Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń rán aṣọ ilé ìwé ní ìtòsí Tákíè, fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Àtìgbà tó ti san owó lẹ́ẹ̀mejì tí èsì tó dé jẹ́ ti gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e ló ti dáwọ́ dúró. Owó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jí i. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ wá fi Ìyá Alájọ wa wé e. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òjò ń rọ̀ ni o, oòrùn ń ràn ni o, Ìyá Alájọ á yọ. Káàdì á jáde, á fi gègé pupa sàmì sí i, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń ro ọkọ mi. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀, mo sì ń fún un tayọ̀tayọ̀ torí ó rìn wá. Àjọ kò ní èrè kankan, kódà ó ń dín. Bí ọjà bá gbówó lórí láàárín oṣù, ìyà rẹ̀ jẹ ẹ́. Alájẹṣẹ́kù tiwa sàn jù ú lọ, nítorí bí o bá ní owó níbẹ̀, wọ́n á yá ẹ ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Pẹ́ńṣàn télọ̀ kò yá ẹnikẹ́ni lówó. Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ àwọn tó ń dá àjọ ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa kò lóǹkà, àwọn tó ṣì ń san pẹ́ńṣàn télọ̀ kò ju èmi àti Alhaja onídìrí lọ. Kì í ṣe pé àwọn yòókù kò gbọ́n. Alájọ ń wá, PFA ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó jókòó sórí máṣíìnì láti àárọ̀, tí oníbàárà dúró lé lórí, kò ní dìde lọ wá ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí PenCom gbọ́ mi gan-an nìyẹn. Ẹ fún irú Ìyá Alájọ ní nọ́ńbà, ẹ fún un ní ẹ̀rọ POS kékeré, kí ó máa gba owó ní ṣọ́ọ̀bù sínú àpò PEN kálukú, kí ìwé ẹ̀rí máa jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ sanwó fún un látinú èrè. Obìnrin yẹn nìkan yóò mú àwọn télọ̀ Arówómọlẹ̀ wọlé ju gbogbo bánà tí ẹ ti tẹ̀ lọ.

PFA tí mo wà kò ní ọ́fíìsì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbàdàn tàbí Ìlọrin ni wọ́n ní kí a lọ. Ìlọrin ló sún mọ́ wa, ọkọ mi sì ń wakọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, mo wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìsan owó, ìjókòó iwájú pàápàá. Ohun tó gbé mi lọ ni pé iye tó wà nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò yé mi. Ìwé náà ń kọ yúníìtì, ó ń kọ iye yúníìtì, mo sì rí i pé iye tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan lè dín díẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì láìjẹ́ pé mo gba nǹkan kan. Mo ti ń sọ fún ọkọ mi pé àwọn èèyàn yìí ti ń ṣá a díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n dá mi dúró pẹ́ kí wọ́n tó pè mí, ẹ̀rọ amúlétutù sì tutù débi pé mo fi gèlè bo èjìká. Àwọn tó wọ kóòtù ń kọjá níwájú mi, wọn ò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí wọ́n wá gbé mi fún, kí Ọlọ́run bù kún un. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀ bó ṣe yẹ ọmọlúàbí, ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Nígbà tí mo ní télọ̀, ó ní, “Ó ti rọrùn nìyẹn, màmá. Ẹ kà á sí pé bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́, ṣe la fi ra ọ̀pá aṣọ fún yín. Ọ̀pá yín kì í dín. Iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan lọ́jà lónìí ló ń lọ sókè sódò. Ọdún tí ẹ bá fẹ́ tà á ni kí ẹ wo iye rẹ̀.” Ó mú ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi: ọ̀pá tí mo ní, iye tí mo rà á ní ìgbà àkọ́kọ́, iye tó jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi pé ó ti lé. Kò sí ẹni tó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyẹn rí. Mo pa ìwé náà mọ́ sínú àpótí òwú, torí òun nìkan ni ìwé PFA tí mo lè kà láìpe ọmọ. Ìràwọ̀ kan nínú mẹ́ta tí mo fún wọn, ti ọmọbìnrin yẹn ni.

Bí ó bá ti lé, ṣé ó lé tó? Rárá o. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Àjọ ìṣirò ìjọba, NBS, fúnra wọn sọ pé ní oṣù Kejìlá 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà ti dé 34.80%. Èrè orí àpò mi lọ́dún náà kò dé ìdajì ìyẹn. Àtìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, gbogbo nǹkan tí mo fi ń ránṣọ ló ti fò lọ, òwú, sípù, sítééè, láìnín. Èyí túmọ̀ sí pé owó mi ń pọ̀ sí i nínú ìwé, ohun tó lè rà sì ń dín kù. Owó tí mo fi sí àjọ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìyẹn kò tilẹ̀ pọ̀ rárá. Ẹni tó ra ilẹ̀ ní ọ̀nà Ìlọrin lọ́dún yẹn ti rẹ́rìn-ín jù wá lọ, àmọ́ ilẹ̀ kì í ṣeé gé ₦5,000 rẹ̀ tà nígbà tí mọ́tò máṣíìnì bá jó.

Alhaja onídìrí ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ èlé sétí. Mo sọ fún un pé àpò tí kò ní èlé nínú, tí wọ́n ń pè ní Fund VI, ti wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì láti 2021. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n bá òun béèrè bí wọn yóò ṣe kó tòun lọ síbẹ̀. Mo béèrè ní Ìlọrin, wọ́n ní àwọn yóò pè é. Ó ṣì ń retí ìpè.

Bí PFA bá sú ẹ, òfin gbà kí o kó àpò rẹ lọ sọ́dọ̀ òmíràn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Oṣù Kọkànlá 2020 ni PenCom ṣílẹ̀kùn ìyẹn. Mo ti rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó dá mi dúró ni pé àwọn yòókù tí mo béèrè nípa wọn, àwọn náà kò ní ọ́fíìsì nítòsí wa, wọn ò sì ní ọmọbìnrin Ìlọrin yẹn.

Nǹkan tó yẹ kí ẹ fojú sí dáadáa ni orúkọ ẹni tí yóò gba owó bí ẹ ò bá sí. Orí fọ́ọ̀mù, ìlà kan péré ni, ọmọ onífìlà sì kọ ọ́ kíákíá bó ṣe ń kọ ti gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jọ́ bá dé, ìlà yẹn nìkan kò tó láti gba owó. Wọ́n á béèrè ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ gíga, ìyẹn ń gba àkókò, ó sì ń gba owó. Bàbá Tíṣà ló là mí lójú sí èyí. Àbúrò wọn kú, owó wà nílẹ̀, ìyàwó àti àwọn ọmọ sì ń lọ wọ́n ń bọ̀ ní kóòtù títí ọdún fi yípo. Mo ti ní kí ọmọ mi bá mi kọ ìhágún, kí n sì lọ buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí. Ọkọ mi ní mo ti ń ronú ikú. Mo ní, owó mi ni mò ń ronú.

Bí mo bá pé àádọ́ta, n kò retí pé pẹ́ńṣàn télọ̀ yóò bọ́ mi bó ṣe ń bọ́ Bàbá Tíṣà. Ohun tí mò ń fi sí i kò tó bẹ́ẹ̀, bí owó inú àpò bá sì kéré jù láti máa pín lóṣooṣù, wọ́n lè kó gbogbo rẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn gan-an kò burú lójú mi. Á ra máṣíìnì tuntun fún ọmọ tó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, èmi á sì jókòó ti kọ́là àti bọ́tìnnì, iṣẹ́ tí kò ní fọ́ mi lójú.

Ṣé kí ìwọ náà wọ̀ ọ́? Bó o bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó mọ fóònù lò, wọ̀ ọ́, má dá àjọ dúró, máa fi díẹ̀ sí méjèèjì. Bó o bá ti lé ní àádọ́ta, tí o sì fẹ́ ohun tí wàá rí lò lọ́dún yìí, alájẹṣẹ́kù yá ju èyí lọ. Fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe fìrídọ̀mù, mo ti ní kí wọ́n lọ gba NIN wọn kí orúkọ orí rẹ̀ bá ti báńkì mu lẹ́tà sí lẹ́tà, torí ẹni tó bá pé ọdún 18 ló lè bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ọ̀pá aṣọ sì ju ti ọdún mẹ́fà tèmi lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì tọ̀ yín wá, tó ní kí ẹ kó owó lé òun lọ́wọ́ kí òun bá yín fi sínú àpò pẹ́ńṣàn yín, ẹ má fún un. Fóònù tàbí báńkì ni kí ẹ fi san án tààrà, kí nọ́ńbà PEN yín wà lórí ìwé ẹ̀rí tó jáde. Ẹ tún máa dúró de ìfitónilétí PFA pé ó ti wọlé. Tèmi máa ń dé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá dé, nọ́ńbà orí ẹ̀yìn káàdì wọn ni kí ẹ pè, ẹ má pe ti éjẹ́ǹtì.